Nígbà tí Ègbè Di Apìtàn: Kullervo ti Sibelius àti Àwo tó Gbé E Jáde

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin kan)

Alága, ẹ kú àga o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́nọ̀, ẹ̀yin báàsì, mo kí yín lọ́tọ̀, torí yín ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa orin kan tó wọ̀ mí lára. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rò pé ti ilẹ̀ wa ni n óò mú wá. Rárá o. Láti ilẹ̀ Fínláǹdì ni mo ti mú tèmi wá, lókè lọ́hùn-ún níbi tí omi òkun ti ń dì gbagidi nígbà òtútù. Kullervo ni orúkọ rẹ̀. Jean Sibelius ló kọ ọ́. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó dúró síwájú ọ̀kẹ́sítírà láti darí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Helsinki, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1892.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ lónìí: nínú orin yìí, ègbè kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ègbè ló ń pìtàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Bí èmi àti orin náà ṣe pàdé

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà nígbà náà. Mò ń kàwé lọ́sàn-án, mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ilé ìkàwé àdúgbò wa a máa yá ènìyàn ní àwo orin, àwọn àwo ńláńlá ayé ọjọ́un, wọ́n á sì yẹ ojú àwo wò dáadáa kí wọ́n tó gbé e fún ọ, bóyá ó há. Lọ́jọ́ kan mo rí páálí kan tó ní àwo méjì nínú. Paavo Berglund ló darí orin náà, ọmọ Fínláǹdì tó máa ń fi ọwọ́ òsì mú ọ̀pá ìdarí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń lu ohun èlò, Bournemouth Symphony Orchestra. Ṣùgbọ́n akọrin wọn, láti Helsinki ni wọ́n ti kó wọn wá: ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin yunifásítì ìlú náà, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ti wà láti ọdún 1883, pẹ̀lú Raili Kostia tó kọ ipa sopránò, ohùn òkè ti obìnrin, àti Usko Viitanen tó kọ baritónì, ohùn àárín ti ọkùnrin.

Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Mo jókòó. Mo retí ohùn ènìyàn, n ò gbọ́. Ohun èlò nìkan ni. Ó tó ìlàjì wákàtí, ẹnikẹ́ni kò la ẹnu. Mo yẹ páálí náà wò, mo rò pé wọ́n ti ki àwo mìíràn bọ inú rẹ̀. Ìgbà tí apá kẹta bẹ̀rẹ̀, tí ohùn èlò ń sáré bí ẹṣin tó bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ni àwọn ọkùnrin náà ṣàdédé wọlé. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn kan náà. Wọn ò pín ohùn rárá.

Mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé tó bá àwo náà wá. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ? Kullervo, ọmọ Kalervo. Ọmọ bàbá arúgbó, oníbọ̀sẹ̀ aláró. Onírun pupa-rẹ́súrẹ́sú tó rẹwà. Ẹni tí bàtà rẹ̀ dára lẹ́sẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n ki aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ki irun rẹ̀, wọ́n ki bàtà rẹ̀. Àwa tí wọ́n ń fi oríkì jí láàárọ̀, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túmọ̀ ìyẹn fún wa? Mo dìde dúró nínú yàrá mi. N ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ta ni Kullervo?

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò méjì kan wà, Untamo àti Kalervo. Ìjà orí ilẹ̀ àti ẹja bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn, ó di ogun. Àwọn ènìyàn Untamo pa agbo ilé Kalervo run, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n mú lẹ́rú, ó sì lóyún. Oyún yẹn ni Kullervo. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ló fọ́ ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ tó ti ń sọ pé bí òun bá dàgbà, òun yóò gbẹ̀san bàbá òun.

Untamo gbọ́, ẹ̀rù bà á. Ó ní kí wọ́n jù ú sómi, omi ò gbé e. Ó ní kí wọ́n sun ún, iná ò jó o. Ó ní kí wọ́n so ó kọ́ sórí igi, ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n bá ọmọ lórí igi tó ń fi irin wẹ́wẹ́ gbẹ́ àwòrán jagunjagun sára èèpo rẹ̀. Wọ́n wá ní kó máa ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi rán an, ó bà á jẹ́ ni, torí agbára rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í kọ́ ọ bí a ṣe ń lo agbára. Wọ́n tà á fún alágbẹ̀dẹ kan, Ilmarinen.

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ní kó lọ da màlúù. Ó ṣe búrẹ́dì fún un, ó sì fi òkúta sáàárín rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ẹrú jókòó sórí koríko lọ́sàn-án, ebi ń pa á, ó fa ọ̀bẹ yọ láti gé búrẹ́dì. Ọ̀bẹ yẹn nìkan ni nǹkan tó kù tí bàbá rẹ̀ fi sáyé. Ojú ọ̀bẹ kan òkúta, ó sì kán. Kì í ṣe ebi ló pa Kullervo lẹ́kún lọ́jọ́ náà. Ayàwòrán kan, Akseli Gallen-Kallela, ya ibi yìí gan-an ní 1899: ọ̀dọ́mọkùnrin tó na ẹ̀ṣẹ́ sókè, tó ń ṣépè. Ó da màlúù wọnú ẹrẹ̀, ó kó béárì àti ìkookò wálé ní ẹ̀dà màlúù, wọ́n sì pa ìyá ilé náà bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti fún wàrà.

Ó sá lọ. Ó wá gbọ́ pé bàbá àti ìyá òun ṣì wà láàyè. Ó bá wọn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wọn kan ti sọnù nígbà tó lọ ká èso nínú igbó. Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ̀ rán an lọ san owó orí. Nígbà tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ orí yìnyín tí ẹṣin ń fà, ó pàdé ọmọbìnrin kan, ó ní kó wọlé. Ọmọbìnrin náà ní kí ikú bá a wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó pàdé èkejì, ìyẹn náà kọ̀ ọ́. Ó pàdé ẹ̀kẹta, ó fà á wọlé tipátipá, ó fi góòlù, fàdákà àti aṣọ olówó ńlá tàn án títí ó fi rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n wá bi ara wọn pé: ọmọ ta ni ọ́? Ìbéèrè tí ó yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo, ó di ìbéèrè òwúrọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọmọbìnrin náà bẹ́ sínú omi tó ń ru.

Kullervo lọ sí ogun Untamo, ó pa wọ́n run. Ó padà délé, ilé ti tutù, gbogbo ará ilé ti kú, ajá dúdú kan ló kù. Ó rìn títí ó fi dé ibi tó ti ba arábìnrin rẹ̀ jẹ́. Koríko ò hù níbẹ̀ mọ́. Ó fa idà rẹ̀ yọ, ó bi í bóyá ó wù ú láti jẹ ẹran ẹlẹ́ṣẹ̀. Idà dáhùn pé òun tí òun ti ń jẹ ẹran aláìṣẹ̀, kí ló dé tí òun ò ní jẹ ti ẹlẹ́ṣẹ̀? Ó gbé idà dúró, ó sì ṣubú lé e.

Nínú ìwé tí ìtàn yìí wà, nígbà tí Väinämöinen, àgbà olórin, gbọ́ ikú náà, ó ní ọmọ tí wọ́n bá fi ìyà tọ́ kò ní gbọ́n, bó tilẹ̀ dàgbà dàrúgbó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà tiwọn, àgbà wà, orí ọmọ sì wọ́.

Ibi tí orin náà ti wá

Kalevala ni ìwé náà. Elias Lönnrot ló ṣe é, ọmọ télọ̀ tó di dókítà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn káàkiri abúlé Karelia, ilẹ̀ tó wà ní ààlà Fínláǹdì àti Rọ́ṣíà, ó ń kọ ohun tí àwọn àgbà ń kọ lórin sílẹ̀. Ní 1834, bàbá kan tó ń jẹ́ Arhippa Perttunen kọrin fún un fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó lé ní ìlà 4,000. Ìwé náà jáde ní 1835. Ó tún fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1849, ó di orin 50, ìlà 22,795. Nínú ti 1849 yìí ni Kullervo ti di ènìyàn gidi, orin mẹ́fà ni wọ́n fún un, láti orí 31 títí dé 36. Púpọ̀ nínú àwọn orin tí Lönnrot fi hun ún ni wọ́n kó láti Ingria, ilẹ̀ tó wà nítòsí Saint Petersburg. Ẹ má gbàgbé orúkọ Ingria yẹn.

Kí ló mú kí ìwé orin di ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè? Swídìn ló ń jọba lé Fínláǹdì lórí títí di 1809, lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ẹni tó bá kàwé, èdè Swídìn ló ń sọ. Èdè Finnish jẹ́ ti àgbẹ̀, ti ọmọ ọ̀dọ̀. Ọdún 1863 ni ọba Rọ́ṣíà tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé èdè náà sípò kan náà pẹ̀lú ti Swídìn. Ilé tí wọ́n ti ń sọ Swídìn ni wọ́n bí Sibelius sí, ní Hämeenlinna, ní 1865. Ilé ẹ̀kọ́ Finnish ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè náà. Vienna ló wà, tó ń kọ́ṣẹ́ orin ní 1890 sí 1891, nígbà tí Kalevala gbá a mú. Nínú àjò, láàárín àwọn tí ń sọ Jámánì, ni ìwé ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé òkè òkun rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ó padà délé. Ní 1891, ó lọ sí Porvoo láti lọ gbọ́ obìnrin kan: Larin Paraske. Níbo ni obìnrin yìí ti wá? Ingria. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú orí ilẹ̀. Opó ni, òtòṣì ni. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ tó ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ kọ ìlà tó tó nǹkan bí 32,000 láti ẹnu rẹ̀ nìkan. Ìlà 32,000! Ó ju odidi Kalevala lọ. Sibelius jókòó, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń gbé ohùn sókè, bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó dùn mí pé inú òṣì ni Paraske kú sí ní 1904, nígbà tí orúkọ àwọn tó mu nínú kànga rẹ̀ ti ń kan káàkiri.

Ègbè tó ń pìtàn

Ó yá, ẹ̀yin akọrin, ẹ súnmọ́ mi. Ibí ni mo ń bọ̀ láti àárọ̀.

Apá márùn-ún ni Kullervo ní, ó sì gba wákàtí kan lé ní bí ìṣẹ́jú 10 tàbí 20, ó dá lórí ẹni tó ń darí. Apá kìíní jẹ́ ìfáárà. Apá kejì jẹ́ ìgbà èwe rẹ̀: fáyólìn ń kọ orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ṣùgbọ́n orin náà wúwo, bí ẹni tó ń mi ọmọ tí kò ní sùn láéláé. Sibelius ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tó kán yẹn lórin, kò sí ẹni tó sọ nípa búrẹ́dì. Inú fáyólìn yẹn ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Apá kẹrin jẹ́ ogun, ìyẹn náà ò ní ohùn ènìyàn. Apá kẹta àti ìkarùn-ún nìkan ni a ti ń kọrin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́? Ní ilẹ̀ wọn láyé àtijọ́, ènìyàn méjì ló máa ń jókòó, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, ọ̀kan á lé, èkejì á gbè é, wọ́n á sì máa mì síwájú sẹ́yìn. Ìró mẹ́jọ ló wà nínú ìlà kan. Ẹ bá mi kà á: Kul-ler-vo, Ka-ler-von poi-ka. Mẹ́jọ. Bí àwọn àgbà wọn ṣe sábà máa ń kọ ọ́ ni pé mẹ́fà àkọ́kọ́ á yára, méjì ìkẹyìn á fà. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, ẹ óò rí i pé márùn-ún ni àtẹ́wọ́ yín. Kì í ṣe mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́ta. Márùn-ún yẹn ni apá kẹta ń rìn lé lórí.

Mo dán an wò pẹ̀lú akọrin kan tí mo ń darí nígbà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣubú lulẹ̀ lórí àtẹ́wọ́ karùn-ún, wọ́n ń wá ìkẹfà tí kò sí. Bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn báàsì ló yanjú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má kà á mọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà.” A sọ ọ́ bí ẹni ń kéwì, a ò ka nǹkan kan, ó sì jókòó. Látọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló bí ìlù orin yìí.

Akọrin náà ló ń sọ fún wa pé Kullervo ń bọ̀, pé ó rí ọmọbìnrin kan, pé ó ní kó wọlé. Sopránò á wá dáhùn ní ẹnu ọmọbìnrin, á ṣépè fún un. Akọrin á tún gbà á, á tẹ̀ síwájú. Wọn ò dá a láre, wọn ò dá a lẹ́bi, wọ́n ń ròyìn ni. Nígbà tí ó dé ibi ìwà èèwọ̀ náà, ẹnu gbogbo wọn pa mọ́. Ohun èlò nìkan ló kọjá níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ńlá nìyẹn fún ọmọdébìnrin náà.

Lẹ́yìn náà ó kọ ẹkún rẹ̀. Ó ní òun lọ ká èso, òun ṣìnà, òun gun òkè gíga, òun ké. Igbó sì dá òun lóhùn: má ké mọ́, òmùgọ̀ ọmọ, ohùn rẹ ò délé. Ó ní ìbá ṣe pé òun ti kú nígbà náà, òun ìbá ti di koríko tútù, òun ìbá ti di òdòdó, òun ìbá ti di èso dáadáa lórí ilẹ̀. Ẹni tó lọ ká èso ló ń fẹ́ di èso yẹn. Tí Raili Kostia bá dé ibẹ̀ nínú àwo, ẹ ó gbọ́ bí klarinẹ́ẹ̀tì àti fèrè ṣe ń yí i ká. Kò ké, kò pariwo, ó ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nínú rẹ̀.

Ọdún 65 nínú àpótí

Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹrin yẹn, gbọ̀ngàn yunifásítì kún fọ́fọ́. Emmy Achté àti Abraham Ojanperä ló kọ ipa arábìnrin àti arákùnrin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lu ohun èlò jẹ́ ará Jámánì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá wòran, Swídìn ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Èdè Finnish ni wọ́n gbọ́, nínú orin ńlá irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ ní èdè náà rí. Àtẹ́wọ́ bo ilé. Robert Kajanus, tó ni ọ̀kẹ́sítírà náà, gbé adé ewé fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

Wọ́n tún kọ ọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1893. Lẹ́yìn ìyẹn, Sibelius gbé e pamọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán. Ní 1935, nígbà tí Kalevala pé 100 ọdún, ó gbà kí wọ́n kọ apá kẹta nìkan. Kí ló rí? Èmi rò pé ó rí àṣìṣe ọmọ ọdún 26 nínú rẹ̀, ojú ọ̀gá ló sì fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe ní 1957, ọdún tó kú, ní ẹni ọdún 91: ó padà sí ẹkún Kullervo, èyí tí baritónì fi parí apá kẹta, ó tún un ṣe fún akọrin kan láti kọ. Bí ó bá jẹ́ pé kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́, kí ló ń wá lọ síbẹ̀? Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló kú. Oṣù kẹfà 1958 ni ọkọ ọmọ rẹ̀, Jussi Jalas, darí odidi orin náà. Ọdún 65 ló ti wà nínú àpótí.

Ìgbà tí Berglund wá gbà á sílẹ̀ ní 1970 ni ayé tó gbọ́ ọ. Èyí ni mo fi ń kí i títí dòní: kò gba akọrin Gẹ̀ẹ́sì kan kó wá kọ́ wọn ní èdè Finnish láàárín oṣù méjì. Ó kó àwọn ọlọ́rọ̀ wá bá ọlọ́hùn èlò. Nínú èdè náà, ìró àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n fi èdè náà bí kì í rò ó kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú àwo.

Àwọn mìíràn ti gbà á sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Berglund fúnra rẹ̀ padà sí i ní àárín àwọn ọdún 1980 pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà Helsinki, Jorma Hynninen sì kọ ipa Kullervo níbẹ̀. Ní tèmi, n ò tíì gbọ́ ọkùnrin tó kọ ẹkún yẹn jù ú lọ. Neeme Järvi ṣe tirẹ̀ ní Gothenburg, Colin Davis ṣe tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Osmo Vänskä ti Lahti fa apá kejì gùn débi pé àyà ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó sì dára. Ẹ gbọ́ gbogbo wọn. Síbẹ̀, ti 1970 ni mo gbé wá lónìí. Àwo náà há díẹ̀, ẹ ó gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á.

Apá karùn-ún ni mo fẹ́ fi sí i. Ẹ̀yin báàsì, ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀: kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, bí ẹni tó ń rìn lórí ibi tí koríko ò hù sí. Ẹ dúró de ibi tó ti bá idà sọ̀rọ̀. Bó bá ti ṣubú, ẹ ó gbọ́ orin tí fèrè ìwo àti klarinẹ́ẹ̀tì fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ní apá kìíní, yóò padà wá, yóò tóbi, yóò sì ké. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin yóò sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, pé bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe kú nìyẹn, bí Kullervo akíkanjú ṣe lọ nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ẹ ó gbọ́ ẹ̀sùn nínú ohùn wọn, tàbí ẹkún. Èmi ti ń gbọ́ ọ láti ogójì ọdún.

Ẹ bá wa pa fáànù yẹn. Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ lé e.